Ẹ̀tù Tí Ràmátù Máa Lò

Ọjọ́ Ẹtì, ilé mi ní Kudai

Mo ti pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, n kò gba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni.

Ràmátù ọmọ ọmọ mi dé láti Jẹ́dà. Fúnra rẹ̀ ló ń di ẹ̀tù sínú ọta ìbọn ìléwọ́ tó fi ń díje. Ẹ̀tù líle ni olùkọ́ rẹ̀ fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dun ún lọ́rùn ọwọ́.

Mo ní, "Àtẹ́lẹwọ́ ni bàbá mi ọdẹ fi ń wọn tirẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ̀n la fi ń wọ̀n ọ́n, Màmá, kí ìbọn má fọ́ mọ́ni lọ́wọ́."

Mo fi òróró pa ọwọ́ náà. "Ẹ̀tù tí ọwọ́ bá ń bẹ̀rù kì í pa ẹran. Mú èyí tó rọ̀."

"Tàyíb, ó dáa, Màmá." Ó gbórí lé itan mi.

Làsísì àbúrò mi, bí o bá ka èyí, ìwo tí bàbá wa ń kó ẹ̀tù sí tí o yá lọ́wọ́ mi, Ràmátù ló ni ín báyìí. Dá a padà.