Àfín Ilé Méjèèjì

Ìyá Alameen, ẹ kú òtútù o. Ọkọ mi, àbúrò yín, ń kí yín. Ẹsẹ̀ wọn ti ń san. Iṣẹ́ aṣọ rírán mi ní Aswani ń lọ.

Ẹ ní àfín kò sí nílé yín, pé èmi ni mo gbé ti Fàthíà ọmọ wa wọlé. Mi ò gbà! Ẹ wo pátánì tí mo fi ń gé aṣọ: kì í kúrò nínú dúrọ́ọ̀. Àdàkọ rẹ̀ ni mo ń lò. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ náà ni ara ń da jíìnì, pátánì tí a jogún lọ́dọ̀ òbí, kọ, kó tó fi àdàkọ ọ̀hún ṣe èròjà. Bí jíìnì bá ti yí, èròjà tó ń mú awọ dúdú ò ní ṣiṣẹ́. Méjì tó yí ni Fàthíà jogún: ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, láti ilé yín. Ẹni tó ní ẹyọ kan kì í di àfín, ìyẹn ni ẹ ò fi rí i nílé yín.

Mi ò ní gbé ọmọ mi lọ fún ìwẹ̀ tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi wẹ àfín kúrò lára rẹ̀. Ọlọ́hun á ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fìlà etí gbòòrò ránṣẹ́ sí i. Oòrùn Ìsọlọ̀ ò ní bi í léèrè ilé tí awọ rẹ̀ ti wá.

Èmi ìyàwó yín,
Ìyá Fàthíà