Ọmọ Mi Kọrin Pé Mo Ti Kú

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025
Mo kú lónìí. Patricia tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ló túfọ̀ mi fún mi. Ó na fóònù rẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá Oyèníyì, ṣé kì í ṣe Ṣèyítán yín nìyí?" Òun ni. Olúwaṣèyítán, àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Dígí dúdú lójú, ṣéènì lọ́rùn — ó ń kọ ráàpù. Ó ní orí títì ni wọ́n ti yìnbọn pa bàbá òun. Ìyá òun ń tọrọ jẹ. Inú gọ́tà lòun sùn dàgbà. Òun náà ti pa ènìyàn méjì.
Láàárọ̀ yìí kan náà, èmi àtòun jọ jẹ ẹ̀wà àti dòdò nílé wa ní Lokongoma. Òun ló kó dòdò tó kù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7
Mo fi fídíò náà han Deborah, ìyá rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó débi ìyá tó ń tọrọ jẹ, ẹ̀rín tán. Olùkọ́ ni, kò tọrọ rí.
A pe ọmọ. Kò sẹ́. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, pé inú ìyà àti ìbọn ni ìtàn gbogbo àwọn tó ti là nídìí ráàpù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ta ló fẹ́ gbọ́ orin ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń fi mọ́tò gbé lọ sílé ìwé? Ó ní kí n má bínú, èmi kọ́ lòun pa, bàbá inú orin ni.
Bàbá inú orin. Láti òní lọ, nínú ìwé yìí, Ọmọ Òrukàn ni mo ń pè é. Deborah — Opó.

Ọjọ́ Àìkú, 12
Lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan tó ti wo fídíò náà di Opó mọ́ra, ó kí i kú ara-fẹ́ra-kù. Èmi rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tèmi ti Bíbélì lábíyá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Ọlọ́pàá mú Ọmọ Òrukàn. Òun àti Marvellous, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ya fídíò fún un, lọ ya òmíràn létí odò. Ìbọn oníke ló gbé dání. Àwọn apẹja ò mọ̀ pé oníke ni; wọ́n ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá.
Mo dé tésàn. Ọ̀gá ibẹ̀ ti wo fídíò àkọ́kọ́. Ó ń béèrè orúkọ àwọn méjì tó pa, àti ibi tó sin wọ́n sí. Ọ̀gá náà nàka sí mi.
"Ta nìyí?"
Ọmọ ní, "Dádì mi ni."
"Èyí tí wọ́n yìnbọn pa?"
"Wọn ò pa á, sà. Irọ́ ni. Gbogbo ẹ̀ nirọ́. Mi ò pa nǹkan kan rí. Adìẹ ọdún gan-an, mọ́mì mi ló ń pa á."
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n yẹ ìbọn oníke wò, mo tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n ní ká máa lọ. Ọ̀gá náà sìn wá dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọ̀kun o, bàbá." Ìkíni ilé wa nìyẹn; ará Yàgbà ni, bíi tèmi. Ojú tì mí. Inú mi sì dùn. Níwájú ìbọn gidi, ọmọ mi jẹ́wọ́ pé mo wà láàyè.

Ọjọ́bọ̀, 16
Ohun tí mi ò rò. Marvellous wá, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. Ìròyìn àtìmọ́lé ti tàn, àwọn tó ń wo fídíò náà ti pọ̀ bí eéṣú. Àwọn tó ń ṣètò ṣóò orin kan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ti fi Ọmọ Òrukàn ṣíwájú lórí pósítà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà: Ẹlẹ́wọ̀n. Marvellous ní irọ́ ti di òótọ́ báyìí; kó sáà kọ orin náà bó ṣe wà.
Opó ní kí n fòfin de ṣóò náà. Mi ò ṣe é. Mo sọ fún ọmọ pé, "Ìwọ lo lẹnu ẹ. Ṣùgbọ́n màá wá jókòó níbẹ̀."
Kò jẹun alẹ́.

Ọjọ́rú, 22
Ó bá mi ní bárándà, ó ń béèrè nípa omíyalé ọdún 2022. Báwo ni mo ṣe ń débi iṣẹ́ ní Koton-Karfe nígbà tí odò gbé ọ̀nà Natako mì? Mo ní ọkọ̀ ojú omi ni, ṣòkòtò ká dé itan, bàtà nínú ọ̀rá. Ó béèrè bóyá ẹ̀rù bà mí. Mo ní lójoojúmọ́ ni. Mi ò mọ omi í wẹ̀. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú fóònù rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25
Etí mi ṣì ń ho.
Ọ̀sán ni ṣóò. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, ọ̀dọ́ lásán, gbogbo wọn ń pariwo "Ẹlẹ́wọ̀n". Èmi àti Opó nìkan la wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wá. Ó jáde. Kò sí dígí, kò sí ṣéènì. Ó gba máìkì, ó ní, "Mo purọ́ fún yín. Bàbá mi ló jókòó sọ́hùn-ún yẹn." Wọ́n hó lé e lórí. Marvellous fọwọ́ bojú. Ọmọ ò dúró de ìlù:

Bàbá mi ò kú, ó ká ṣòkòtò,
Ó kó bàtà sọ́rá, ó wọkọ̀ lójú odò,
Kò mọ omi í wẹ̀, síbẹ̀ ó lọ, ó bọ̀,
Tí búrẹ́dì bá délé, ta ló mọ ohun tó rò?

Ariwo dákẹ́. Ó tún un kọ. Ìlù bọ́ sí i. Nígbà tó fi máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń gbè é: Bàbá mi ò kú! Wọ́n dìde sórí àga. Ọmọ kan tí mi ò mọ̀ rí gbá ọwọ́ mi mú, ó nà án sókè. Deborah ń jó, gèlè rẹ̀ ti já bọ́. Èmi, òṣìṣẹ́ ìjọba, mo fò sókè bí ọmọ kékeré. Wọ́n gbé Olúwaṣèyítán sórí èjìká.

Ọjọ́bọ̀, 30
Mọ́tò mi bàjẹ́. Nínú kẹ̀kẹ́ èrò láàárọ̀, ọmọbìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù ń kọ orin ọmọ mi lábẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ mí. Ó ti yọ odò kúrò, ó ti yọ bàtà kúrò. Bàbá tirẹ̀ ló fi sí i — awakọ̀ tírélà sìmẹ́ńtì ní Obajana, tó ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ kó tó délé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó dúró ná, òun náà fẹ́ kọ ti bàbá òun.
A dé ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa lọ. Mo fẹ́ gbọ́ ti bàbá kejì.