Oògùn Tí Kò Jẹ́ Kí Eyín Mi Rìn

Joubert Park,
Johannesburg,
14 Oṣù Kẹjọ, 2014.

Motúnráyọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Iléṣà? Ẹsẹ̀ bàbá rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Ìwọ náà ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ò pọ̀ jù? Ara mi le, òtútù ibí nìkan ni kò tíì lọ.

Ọ̀rọ̀ eyín mi ni mo fẹ́ sọ. O rántí wáyà tí mo fi sí i kí ó lè tò dáadáa, tí Màámi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló ń so eyín mọ́lẹ̀ bí ewúrẹ́ lẹ́ni ogójì ọdún. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fà á le ní oṣù Kẹrin ni o pè mí pé Màámi ti lọ. Ìwé ìgbélùú mi tí kò tíì jáde kò jẹ́ kí èmi ọmọ kan ṣoṣo wá. Ìwọ lo bá mi bu eèpẹ̀ sí sàréè. Eyín ń ro mí lọ́jọ́ náà, mo lo oògùn ìrora. Láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni mò ń lò ó, n kò sì mọ̀ bóyá eyín ni mò ń lò ó fún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń yìn mí pé mo ní ọkàn akin. Kì í ṣe akin, Ráyọ̀. Kò sí ohun tó ń dùn mí ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Roseline, dókítà eyín mi, wọn eyín náà títí, ó ní kò rìn rárá láti oṣù mẹ́rin. Ó bi mí ní ohun tí mò ń lò, mo sọ. Ó wá ṣàlàyé pé wáyà yẹn ń tẹ iṣan tín-ín-rín tó so gbòǹgbò eyín mọ́ egungun, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá dáadáa, ibẹ̀ á wú, òun ló ń ro ni. Ṣùgbọ́n nínú wíwú yẹn náà ni egungun ti ń yọ́ níwájú eyín, tí tuntun ń hù lẹ́yìn rẹ̀. Irú oògùn tèmi yìí máa ń pa wíwú, ó sì lè dá eyín dúró.

“Jẹ́ kó dùn ẹ́ díẹ̀, sisi,” ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe arábìnrin níbí. “Kò ní ju ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin lọ.”

Mo ti fi oògùn náà sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo ń jẹ búrẹ́dì, ìrora náà gbé mi, mo sì ké “Yéè, ìyá mi o!” bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ké. N kò tíì sunkún.

Bá mi kí Gbóyèga ọkọ rẹ, kí o sì gbá Fikáyọ̀ ọmọ yín mọ́ra fún mi.

Gbogbo ìgbà tí o fẹ́ sọ bí ìsìnkú Màámi ṣe lọ ni mo ń yí ọ̀rọ̀ padà. Má bínú. Sọ fún mi báyìí. Ta ló wẹ̀ wọ́n? Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ fún wọn? Má fo nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí eyín ń ro,
Fèyíkẹ́.