Oko Tí O Kó Wa Wá: Ọdún Mẹ́rin Lẹ́yìn Baba Afẹ́fẹ́

Baba Afẹ́fẹ́, ọdún mẹ́rin pé lónìí, ẹnu mi kò tíì padé.

Mo ní ẹnu mi kò tíì padé! Ẹni tó jí ṣáájú àkùkọ, tó fa omi kànga kún garawa mẹ́fà, tó gun igi ọsàn lọ wo ẹyin ẹyẹ kó lè wá ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ, ṣé ẹni tó ń kú nìyẹn? Mo wà nílé ìdáná, mò ń gbọ́ bí o ṣe ń súfèé. Ìfé náà dá. Mo rò pé o dúró láti mí ni. Nígbà tí mo yọjú, o ti wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ọwọ́ rẹ ṣì di okùn garawa mú. Dókítà ní ọkàn rẹ ló ṣíwọ́ iṣẹ́. Mo ní, "Ọkàn ta? Ọkàn ọkọ mi kẹ̀?" Ọkùnrin ọdún méjìlélógójì! Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta, ó dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́ lè rò pé àwàdà lásán ni wọ́n fi ń pè ọ́ ní Baba Afẹ́fẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù lo máa ń tún ṣe nígbà tí a wà nílùú. Ọdún mẹ́rìndínlógún lo fi gun àkàbà ní ọ́fíìsì àwọn ẹlòmíràn, tí ò ń fọ eruku kúrò nínú ẹ̀rọ wọn. Àwa fúnra wa ń gbé yàrá méjì lórí àjà kẹta, fèrèsé kan ṣoṣo, ìyẹn náà kọjú sí ògiri. Ọmọ wa obìnrin kejì ń wúkọ́ tọ̀sán tòru, àyà rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fa ilẹ̀kùn tí kò ní epo. Lọ́jọ́ kan o ti ibi iṣẹ́ dé, o jókòó tì í, o ní, "Afẹ́fẹ́ tí mò ń tún ṣe fún gbogbo ayé, ọ̀fẹ́ ló wà lábẹ́ igi. Kí là ń ṣe níbí gan-an?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo pè é ní àwàdà. Àfi bí o ṣe di ẹrù nígbà tó di oṣù kejì!

O kó wa wá sórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ fi sílẹ̀. Ilé yàrá méjì, kànga kan, igi ọsàn mẹ́ta, koríko tó ga ju ọmọ lọ. Kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí iná mànàmáná. Èmi, akọ̀wé tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì, tí èékánná mi ń dán gbinrin! Àwọn ọmọ bọ́ bàtà lọ́jọ́ tí a dé, ó di ọjọ́ ilé ìwé kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. O kọ́ wọn bí a ṣe ń fi òjìji mọ ibi tí ọjọ́ dé, bí a ṣe ń fi igbe mọ ẹyẹ, bí a ṣe ń dúró jẹ́jẹ́ kí labalábá lè bà léni lọ́wọ́. Inú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń dùn. Èmi ń ka ọjọ́.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ náà, ejò wọ ilé ìdáná. O fi igi gbé e jáde, o kò pa á, o tún dúró ń ṣàlàyé irú ejò tó jẹ́ fún àwọn ọmọ. Inú bí mi dé góńgó. Mo ní, "Ìwọ nìkan ni kó o máa gbé inú igbó rẹ! Àwọn ọmọ mi kò ní di ẹran ìgbẹ́ nítorí tìẹ." O wò mí, o rẹ́rìn-ín díẹ̀, o ní, "Ìyá wọn, ó ti rẹ̀ ọ́. Lọ jókòó." Ilẹ̀ mọ́, mo ṣì ń bínú, n kò kí ọ. O sì lọ. O lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yẹn létí rẹ! Dárí jì mí. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bẹ̀ ọ́, n kò sì ní ṣíwọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin ọ́, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, awakọ̀, gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá. Ó ní, "Àbúrò mi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ máa bọ̀ nílé." N kò jiyàn. Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ rọ̀, a ń gbé bẹ́ẹ̀dì gba inú ẹrẹ̀ kọjá. Ẹrù kún ọkọ̀ tán, a wá àkọ́bí wa tì. Mo pè é títí ohùn mi fi há. Kànga ni mo kọ́kọ́ sáré lọ wò. Áà! Mo yọjú wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé la ti rí i. Ọmọ ọdún mẹ́wàá! Ó ti na okùn rẹ láti èèkàn dé èèkàn, ó ń fi gìgísẹ̀ lu ihò, ó ń sọ ẹ̀wà sínú rẹ̀ ní mẹ́ta mẹ́ta. Ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Ó ti gbin ìlà mẹ́rin. Mo pariwo mọ́ ọn, "Kí lò ń ṣe? A ti ń lọ!" Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bàbá ní tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ká má jẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ ká tó gbìn. Òjò ti rọ̀, Màmá."

 Àbúrò rẹ̀ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi, ó bọ́ bàtà, ó wọnú ẹrẹ̀ lọ bá a. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló yà mí lẹ́nu jù! Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí eruku bà lé ṣòkòtò rẹ̀! Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó bi ọmọ náà pé, "Ẹ̀yin àgbẹ̀, hóró mélòó lẹ ní ká máa sọ sí i?" Kí oòrùn tó kàn àtàrí, a ti gbìn ín tán, a sì ń já ẹrù padà sínú ilé. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ o. Kò sẹ́ni tó sọ pé ká dúró. A kàn dúró ni.

Ṣé o rò pé ìyàlẹ́nu ti parí? Oṣù kan lẹ́yìn náà ńkọ́? Ìyá Olóyin, opó àgbàlagbà tó ń sin oyin ní ìsàlẹ̀ odò, wá bẹ̀ mí wò. Ó wò mí lókè, ó wò mí nílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, oṣù mélòó ni?" Mo ní, "Oṣù mélòó kí ni, mà?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Oyún! Oyún oṣù mẹ́ta! Èmi tí mo ti bímọ méjì, mo rò pé ìbànújẹ́ ló ń mú mi bì láràárọ̀! O lọ, o kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀. Mo jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, mò ń pariwo pè ọ́, bí ẹni pé o kàn lọ sódò.

Ọkùnrin ni mo bí. Nọ́ọ̀sì kò tíì dé tí Ìyá Olóyin fi gbà á sọ́wọ́, òjò ń rọ̀ yàà.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn o. Lọ́dún kejì ọ̀dá pa àgbàdo wa pátápátá, a jẹ ẹ̀wà títí ìrísí ìkòkò fi sú wa. Atẹ́gùn ká páànù mẹ́ta lọ. Mo sunkún, mo bú ọ, mo tún bẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n wá wo ilé rẹ! Yàrá kẹta tí o fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ti parí. Ẹ̀gbọ́n mi ló bá wa kan òrùlé rẹ̀, òun náà kì í sì í fẹ́ padà sílùú mọ́ tó bá ti dé. Ọmọ kejì kò wúkọ́ mọ́. Mo ní kò wúkọ́ mọ́! Ó ń sáré dé odò, ó ń sáré bọ̀, èmi ni mò ń mí gúlegúle. Àkọ́bí rẹ ti pé mẹ́rìnlá. Ó ń kọ orúkọ ẹyẹ sínú ìwé, ó ti dé mọ́kànlélọ́gọ́ta. Olùkọ́ rẹ̀ kó gbogbo kíláàsì wá síbí lóṣù tó kọjá, ọmọ rẹ ló dúró níwájú wọn tó ń ṣàlàyé, àwọn ọmọ ìlú sì jókòó sórí koríko, wọ́n ń tẹ́tí sí i. Èmi ńkọ́? Mò ń sin oyin! Àpótí méje. Má bi mí léèrè èékánná.

Lọ́dún tó kọjá, ejò tún wọ ilé ìdáná. Mo wá igi, mo gbé e jáde, mo sì ń sọ fún àwọn ọmọ pé irú èyí kò ní oró, eku ló ń dọdẹ.  Mo wẹ̀yìn. Ohùn ta nìyẹn lẹ́nu mi?

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, àbíkẹ́yìn wa wá fara tì mí. Ó bi mí pé ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ní bàbá rẹ̀ ni. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n mọ̀ mí?" Báírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní rárá, ọmọ mi, wọn kò mọ̀ ọ́. Ó ní, "Ẹ wá sọ fún wọn o."

Mò ń sọ fún ọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ni. Iwájú orí rẹ̀ yọ díẹ̀. Kì í jẹ́ kí wọ́n gbé òun, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi rìn. Tó bá rí kòkòrò, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ojú òun àti tirẹ̀ lè ṣe mẹ́rin. Ó máa ń bá adìẹ jà, adìẹ ló sì máa ń borí. Ọmọ rẹ nìyẹn, Bàbá wọn. Ó ní kí n bá òun kí ọ. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ọ. Àárò rẹ ń sọ wá lójoojúmọ́, ìfẹ́ rẹ kò sì fi bíńtín dín lọ́kàn wa.