Omi Abẹ́ Títì Ìfọ́n

Ọjọ́ Ajé, 11 Oṣù Kẹta, 1996

Yàrá tí mo háyà n'Ílọ́bù. Mo buwọ́ lu àwòrán títì láàárọ̀ — láti ibí dé Ìfọ́n, yangí nísàlẹ̀, òkúta lé e, ọ̀dà lókè. Ọ̀gá mi ní Òṣogbo ní kí n má fi gọ́tà àti páìpù da ara mi láàmú. Ọ̀gá Fẹ́lẹ́ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, torí ọ̀dà fẹ́lẹ́ ló máa ń fẹ́ níbi gbogbo. Mo gbà, torí kòtò àyẹ̀wò mẹ́wàá ni mo gbẹ́, kò sí omi nínú ọ̀kankan.

Ọmọ Ìlọ́bù ni ìyá mi, ọmọ Ìfọ́n ni bàbá mi. Àwọn méjèèjì ti kú. Níbí, ọmọ Ìfọ́n ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá dé Ìfọ́n, ọmọ Ìlọ́bù. Wọ́n ń kí mi dáadáa. Wọn kì í ní kí n jókòó.

Ọjọ́bọ̀, 14

Awakọ̀ típà nìkan ló bá mi sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16

Kòtò Kẹjọ, níbi tí ọ̀nà ti rì díẹ̀. Mo bá Màmá Màríámọ̀ níbẹ̀, ó ń já ewé eéran tó ń tà fún àwọn ẹlẹ́kọ. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní ṣé ọmọ Ṣùkúrátù kọ́ nìyí. Mo ní èmi ni. Ó bi mí pé kí ni mo ń gbẹ́ kiri. Mo ṣàlàyé, mo sì ń yangàn pé ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, ó dára.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí. Ewé ibòmíì ti rọ. Kí ló ń mú tibí tutù yọ̀yọ̀?"

Ó ní orísun omi ló wà níbẹ̀, ìlú méjèèjì ló ń pọn ọ́n. Ìjà ilẹ̀ dé, ẹnikẹ́ni ò débẹ̀ mọ́, iyẹ̀pẹ̀ dí i.

"Ibẹ̀ ni bàbá ẹ ti kọ́kọ́ gbé omi ru ìyá ẹ. Wọn ò sọ fún ẹ ni?"

Wọn ò sọ fún mi.

Ọjọ́ Àìkú, 17

N kò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbẹ́ Kòtò Kẹjọ jìn sí i. Ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni mo gbẹ́ ẹ lákọ̀ọ́kọ́, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré, mo sì ń pe ara mi ní ẹnjiníà! Tí òjò bá dé, omi yìí á gòkè, ọ̀dà á là, àwọn ọlọ́kadà á máa ṣubú níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26

Òṣogbo. Mo sọ fún Ọ̀gá Fẹ́lẹ́ pé èmi ni mo ṣàṣìṣe: ká gbé ilẹ̀ ga níbẹ̀, ká ri páìpù ńlá méjì, ká la gọ́tà. Ó ní tí mo bá fi lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwòrán tí mo buwọ́ lù kò dára, n kò ní í ṣiṣẹ́ títì lábẹ́ òun mọ́. Ó ní, Kọ́ládé, lọ rò ó.

Ọjọ́rú, 27

Mo ń rò ó. Ẹ̀rù ń bà mí. Iṣẹ́ yìí nìkan ni mo ní.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Mo kọ ọ́. Ojú ìwé mẹ́ta.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kárùn-ún

Àwòrán tuntun jáde. Páìpù wà níbẹ̀, gọ́tà wà níbẹ̀. Orúkọ Ọ̀gá Fẹ́lẹ́ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi — wọ́n ti gbé mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí. Ó dùn mí, n kò ní purọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kẹfà

Òjò ńlá rọ̀ lánàá. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ wò ó. Wọ́n ti ri páìpù méjèèjì, ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó da ọ̀dà. Ojú ọ̀nà le. Omi ń gba abẹ́ rẹ̀ já, ó mọ́ gaara. Àwọn obìnrin ń pọn ọ́n lẹ́nu páìpù, àwọn kan wá láti Ìfọ́n, àwọn kan láti Ìlọ́bù. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé èmi ni mo ní kí wọ́n ri páìpù síbẹ̀, n kò sì sọ.

Màmá Màríámọ̀ ti ìdì ewé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí òkúta.

"Jókòó," ó ní. "Ibí yìí gan-an nìyá ẹ máa ń jókòó sí."

Mo jókòó. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó dìde.