Bí Ọta Ìbọn Ṣe Bá Ọkọ Mi Lórí Ìdọ̀bálẹ̀

Conyers, Georgia,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oṣù Kẹwàá.

Mọ́tọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni ìwé yìí bá ọ? Ṣé ara ọkọ rẹ le, ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa nílé ìwé? Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ńkọ́? Mo kí gbogbo yín pátá. Àwa náà wà láàyè níhìn-ín, a dúpẹ́. Mo dìídì tẹnu mọ́ “láàyè” yẹn ni o, nítorí ohun tí mo gbọ́ pé ẹ ń sọ kiri ní Ìjẹ̀bú-Òde.

Wọ́n ní o sunkún. Wọ́n ní ẹnì kan wá bá ọ ní ṣọ́ọ̀bù pé wọ́n ti yìnbọn fún Oyèníran ọkọ mi ní Amẹ́ríkà, pé odidi ẹgbẹ́ adigunjalè ló ká a mọ́, tó sì dá nìkan kojú wọn. Háà! Oyèníran wo? Oyèníran tí kò lè pa aáyán, tó jẹ́ pé èmi ni mo máa ń sáré mú bàtà? Jọ̀ọ́, nu ojú rẹ nù. Òótọ́ ni pé ọta ìbọn ba ọkọ mi. Ìdí ló ti bà á. Kò sí adigunjalè kankan níbẹ̀, díákónì ìjọ wa ló yìn ín.

N kò lè sọ ọ́ lórí fóònù. Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ sí ìyàwó àbúrò ọkọ mi lórí WhatsApp nírọ̀lẹ́ Sátidé ni gbogbo ẹbí ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n sì ti fi adigunjalè kún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ìwé bí ará àtijọ́. Aunty Bridget tó ń bọ̀ nílé lọ́jọ́bọ̀ ló máa mú un wá fún ọ. Mo lẹ̀ ẹ́ pa dáadáa. Bí o bá rí i pé wọ́n ti ṣí i, Aunty Bridget ni kí o dì mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Àárín àwọn ṣọ́ọ̀bù ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe èékánná wà lápá kan, ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe wà lápá kejì. Lọ́jọ́ ìsinmi kan nínú oṣù Kẹjọ, bí a ti ń kọrin ìyìn lọ́wọ́, ọkùnrin gíga kan wọlé, ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì ńlá kan, ó sì ń bọ̀ tààrà síwájú. Mọ́tọ́lá, orin dáwọ́ dúró. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ló kọ́kọ́ sá. Èmi gan-an ti wà lábẹ́ àga, ẹsẹ̀ ẹnì kan sì wà lójú mi. Àṣé pizza ni ọkùnrin náà gbé wá fún àwọn tó ń ṣe èékánná, ó kàn ṣìnà ni.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti ní ayé ti bàjẹ́, pé a gbọ́dọ̀ ní àwọn tí yóò máa ṣọ́ wa. Wọ́n mú ọkọ mi, nítorí òun ni olórí àwọn tó ń gbàlejò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì mú Díákónì Akíntóyè mọ́ ọn. Wọ́n ní kí wọ́n lọ kọ́ ìbọn yíyìn, kí kálukú ra tirẹ̀, kí wọ́n máa gbé e sábẹ́ kóòtù wá sí ìsìn. Inú ọkọ mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí wọ́n ń ya fíìmù rẹ̀. Ó ti yan èyí tó wù ú nínú ṣọ́ọ̀bù ilé ìyìnbọn tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ wọn, ó ní bí àwọn bá parí ẹ̀kọ́ ní Sátidé, òun máa gbé e wálé.

Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Dárasími. Kò sí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọmọ yẹn kò lè ṣí. A fi oògùn sórí fíríìjì, ó gun àga, ó mú un. A fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ pamọ́ sínú ike ìrẹsì, inú ọkọ̀ la ti bá a níbi tó ti ń fọn fèrè fún gbogbo àdúgbò. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo ti rí ọmọ tí wọ́n gbé wá bá wa nítorí irú ìbọn inú ilé bẹ́ẹ̀, n kò sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí fún ọ. Mo sọ fún ọkọ mi pé, ẹ gbọ́ o, ọjọ́ tí ìbọn bá gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé, ẹnu ọ̀nà yìí náà ni èmi àti ọmọ mi máa gbà jáde. Ó ní òun máa ra àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́. Mo ní ibo lẹ máa fi kọ́kọ́rọ́ yẹn pamọ́ sí tí Dárasími kò ní rí i? Ọ̀rọ̀ náà le débi pé a kì í bá ara wa sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ mọ́.

Ni mo bá pe Bàbá Ọlágúnjú ní Douglasville. Àgbà ìjọ wa ni wọ́n, àwọn ni alága ìgbéyàwó wa, kò sì sí ohun tí wọ́n máa sọ tí ọkọ mi máa kọ̀. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé ìyìnbọn yẹn kò jìnnà sí yín, ẹ bá mi débẹ̀ ní Sátidé, ẹ bá mi dá a lẹ́kun kó tó gbé nǹkan yẹn wálé. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, àwọn ń bọ̀.

Nígbà tí Sátidé dé, èmi náà wọ ọkọ̀ tẹ̀lé ọkọ mi. Ilé ńlá kan tí kò ní fèrèsé ni. Wọ́n ní kí n dúró lẹ́yìn gíláàsì tó nípọn, níbi tí àwọn tí kò wá yìnbọn ń jókòó sí. Seth, òyìnbó onírùngbọ̀n tó ń bójú tó ibẹ̀, kọ́kọ́ da òfin bò wọ́n. Ó ní bí ọta bá ba irin tàbí sìmẹ́ńtì ní ibi tí kò yẹ, ó lè ta padà wá bá ẹni tó yìn ín tàbí ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yọ awò ojú rẹ̀ o. Ó wá ní, ju gbogbo rẹ̀ lọ, iwájú ni ẹnu ìbọn gbọ́dọ̀ máa kọjú sí. Bí wọ́n bá pè yín lẹ́yìn, ẹ gbé ìbọn sórí pẹpẹ kí ẹ tó yíjú. Ọkọ mi ń mi orí, ó ń wí pé yes sir, yes sir. Akíntóyè ní àmín.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Èyí tí Bàbá Dárasími kọ́kọ́ yìn, ojú dídì ló fi yìn ín. Bébà tí wọ́n gbé kọ́ níwájú rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń bá òun wí. Ìkarahun ọta tó gbóná janjan fò jáde lára ìbọn Akíntóyè, ó bọ́ sí i lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì, ni díákónì bá ń fò sókè tó ń pariwo Jésù. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n rò pé ó yìn ín bá ni. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo tilẹ̀ gbàgbé pé inú ń bí mi.

Ìgbà yẹn gan-an ni Bàbá Ọlágúnjú dé. Wọ́n ti fún wọn ní awò ojú àti ohun ńlá tí wọ́n fi ń di etí lórí fìlà. Kí n tó sọ pé ẹ dúró sà, wọ́n ti gba ilẹ̀kùn kọjá, wọ́n ti dé ẹ̀yìn ọkọ mi, wọ́n fọwọ́ kàn án léjìká. Mọ́tọ́lá, o mọ ìyá ọkọ mi. O mọ irú ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fún ọmọ yẹn. Àgbà fọwọ́ kan Oyèníran léjìká, ṣé ó wá máa kẹ́yìn sí àgbà ni? Gbogbo òfin Seth fò kúrò lórí rẹ̀. Ó yí padà pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́, ó ní ẹ káàbọ̀ sà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Seth figbe ta pé kí gbogbo ènìyàn dojú bolẹ̀. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni gbogbo wọn dojú bolẹ̀: òyìnbó, aláwọ̀ dúdú, ọlọ́pàá kan tó wá fi ìbọn najú, Seth fúnra rẹ̀. Akíntóyè nìkan ni kò tètè gbọ́rọ̀. Igbe yẹn bá a níbi tó ti fẹ́ yìnbọn, ó ta gìrì, ìka rẹ̀ sì fà á. Ọta náà kò lọ síbi bébà. Irin tí wọ́n fi gbé bébà kọ́ lókè ló bà, ó fọ́, àfọ́kù rẹ̀ kan tí kò ju èékánná ọmọdé lọ sì ta padà wá. Nígbà tí orí gbogbo ènìyàn wà nílẹ̀, ìdí ta ló wà lókè? Ìdí ọkọ mi tó ń kí àgbà lọ́wọ́ ni! Ó fò sókè, ìbọn bọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìdí mú.

Bàbá tó di etí kò gbọ́ igbe kankan. Ohun tí wọ́n rí ni pé gbogbo ilé dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ojú wọn tàn yanranyanran. Wọ́n nawọ́ sí wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í súre: ẹ ó dàgbà, ẹ ó darúgbó, àwọn ọmọ tiyín náà á dọ̀bálẹ̀ fún yín. Wọ́n yí sí ọ̀tún, wọ́n súre. Wọ́n yí sí òsì, wọ́n súre fún ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n rí ọkọ mi tó ń fò káàkiri, wọ́n ní, “Gbà á! Gbà á lórúkọ Jésù!” Seth ń fi àyà wọ́ lọ láti mú ìbọn tó bọ́ sílẹ̀, Bàbá sì gbé ọwọ́ lé òun náà lórí.

A gbé ọkọ mi lọ sí ilé ìwòsàn urgent care, wọ́n yọ àfọ́kù náà, wọ́n rán ojú ọgbẹ́ náà. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bi í pé kí ló ń ṣe nígbà tí ọta bà á. Ó ní òun ń kí bàbá kan. Obìnrin náà wo ojú mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Seth pè láti bẹ̀ wá. Ó ní irú àfọ́kù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ha ènìyàn lára lásán ni, ṣùgbọ́n ká ní ojú tí kò ní awò ló bà ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wá pé kí a má mú bàbá yẹn wá mọ́. Bàbá ní tiwọn ní àwọn kò tíì rí ibi tí òyìnbó ti mọ̀wà hù tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ ìbọn tí mo tìtorí rẹ̀ pè wọ́n, wọn kò rántí sọ ọ́.

Èmi ló wakọ̀ padà lórí I-20, òun dojú bolẹ̀ lórí àga ẹ̀yìn. Mo ń to ọ̀rọ̀ tí màá bá a sọ nínú ọkàn mi, torí kò tíì sọ pé òun kò ra ìbọn yẹn mọ́. A kọjá Atlanta. Mo rò pé oorun ti gbé e lọ. Ó ṣàdédé ní, “Bọ́sẹ̀, iṣẹ́ mi ni kí n máa kí ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìbọn bá wà lọ́wọ́ mi, gbogbo àgbà tó bá wọlé ni màá kọ ẹnu rẹ̀ sí.” Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Nígbà tí mo yíjú sí Bàbá, ṣé o mọ ẹni tí ẹnu ìbọn kọjú sí?”

Mo mọ̀ ọ́n, Mọ́tọ́lá. Mo rí ihò ẹnu rẹ̀ kedere láti ẹ̀yìn gíláàsì, tó ń wò mí. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo kàn ń fi ẹ̀rín bò ó. Ó ní, “Ìwọ ni. Ìwọ ni mo rí.” Ni ọkọ mi bá bú sẹ́kún. Mo yà kúrò lọ́nà, mo páàkì nílé epo kan, mo lọ bá a lẹ́yìn ọkọ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé itan mi, àwa méjèèjì sì sunkún níbẹ̀ títí ara wa fi balẹ̀. Kò gbé ìbọn wálé. Ó ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé òun kò ní gbé e láé, wọ́n sì ti fi aago kan sí ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹni tó bá ń bọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ kí a tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọ̀rẹ́ mi, Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ilé rẹ tọ̀sán tòru. Àwọn ọmọ rẹ yóò dàgbà lójú rẹ. Ohun tó lè pa ọ́ kò ní gba ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ wọlé tọ̀ ọ́ wá. Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Bọ́sẹ̀, Ìyá Dárasími.

Ohun tí mo gbàgbé: lọ́jọ́ ìsinmi tó kọjá yìí, ọkọ mi kò lè jókòó, ó dúró ti ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn. Pásítọ̀ àlejò láti Texas, tí kò mọ nǹkan kan, nawọ́ sí i, ó ní ẹ wo ọkùnrin tí ìtara ilé Olúwa kò jẹ́ kó jókòó, ẹ̀yin tó kù dà? Ló bá ní kí gbogbo ìjọ dìde. Ìdúró la fi gbọ́ ìwàásù náà látòkè délẹ̀. Akíntóyè kò lè gbójú sókè.