Orúnkún Mi Ló Gba Ìbàdàn Lọ́wọ́ Mi

Ojúlé 21, Yorùbá Road,
Sábọ̀n Gàrí,
Kánò.
9 Oṣù Karùn-ún, 2025.

Fúnlọ́lá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà ní yunifásítì ńlá tí o lọ jókòó sí? Ṣé ara le? Òjò Ìbàdàn ńkọ́, ṣé kò bá ọ fínra? Ògo, ọkọ rẹ, wà dáadáa, ó ti ń se oúnjẹ fúnra rẹ̀ báyìí. Àwọn ará ilé mi náà ń kí ọ. Ooru nìkan ni kò jẹ́ ká sùn.

Mo mọ̀ pé WhatsApp wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, ìwọ nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀: họ́sítẹ́ẹ̀lì yín, Leah tí ẹ jọ ń gbé yàrá, ilé ìkàwé tó tóbi ju ọjà Singer lọ. Nínú lẹ́tà, o ò lè já lu ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sì gùn: Fúnlọ́lá, mò ń jowú rẹ.

Ìwọ náà mọ̀ pé èmi ló yẹ kí n wà níbẹ̀. Mo ṣáájú rẹ dé ilé ìwòsàn wa, ọwọ́ mi lo sì ti kọ́ bí a ṣe ń gbẹ̀bí ìbejì. Nígbà tí Dókítà Ìbráhìm ní nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni àwọn lè rán lọ kọ́ ìtọ́jú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, gbogbo wọ́ọ̀dù ló ti ń kí mi kú oríire. Mo tiẹ̀ ti ra báàgì tuntun ní Fagge. Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò dé, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì, ojú màmá kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n onírun funfun, yọ láti Ìbàdàn. Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé yóò ṣe? Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ níbẹ̀, mò ń retí kí wọ́n ní kí n dìde. Ògiri lásán ni wọ́n ń rí lọ́hùn-ún. Pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀, ta ni yóò gbọ́ ohùn mi lábẹ́ tábìlì? Wọ́n ní, "Hello? Hello? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ẹ pe ẹni tó kàn." Ìwọ lo kàn. Ìwọ ọmọ Sábọ̀n Gàrí tí orúnkún rẹ kì í tètè tẹ̀, o jókòó pa sórí àga, o ní, "Good morning, ma." Ó parí. Orí ló mọ iṣẹ́ àṣelà, ṣùgbọ́n orúnkún ló ba tèmi jẹ́.

N kò bá ọ jà o. Ó kàn ń dùn mí ni. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ dé ni Dókítà yóò fi ṣe olórí wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, èmi yóò sì máa pè ọ́ ní "Madam". Lánàá, Ràhmátù, aboyún wa láti Fagge, wọlé. Èmi ni mo yẹ ara rẹ̀ wò, ẹ̀yìn mi ló ń wò. Ó ní, "Sannu da aiki, Sista. Ina Fúnlọ́lá?" Mo ní o rìnrìn àjò. Ó ní, "Kai! Allah ya dawo da ita lafiya." Mo ṣe àmín sí i pé kí Ọlọ́run mú ọ padà láyọ̀, ṣùgbọ́n àmín náà kò jáde dáadáa.

Èyí tó wá pa mí pátápátá ni ohùn tí o fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. O ní Ọ̀jọ̀gbọ́n ń yìn ọ́ kiri, pé nínú gbogbo kíláàsì, ìwọ nìkan lo máa ń kúnlẹ̀ kí àwọn. Fúnlọ́lá! Ta ló kọ́ ọ? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo tẹ orúnkún rẹ mọ́lẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nígbà tí o ń palẹ̀ ẹrù mọ́, tí mo ní Ìbàdàn kì í ṣe Kánò? Ìkúnlẹ̀ tó gba ipò lọ́wọ́ mi lo fi ń gba ìyìn!

Mo gbọ́ pé wọn yóò tún mú àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn fún ẹ̀kọ́ náà lóṣù tó ń bọ̀. Jọ̀ọ́, bí o bá tún kúnlẹ̀ kí màmá yẹn, má tètè dìde. Ibẹ̀ ni kí o ti dárúkọ mi. Sọ fún wọn pé Hajarat tó kọ́ ọ ní ìkúnlẹ̀ ni ògiri tí wọ́n rí lọ́jọ́ yẹn.

Bá mi kí Leah, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí wọ́n bá sì pè mí, màá tún kúnlẹ̀, n kò lè ṣe kí n má kúnlẹ̀. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni màá gbé fóònù sí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń jowú,
Hajarat.